Wọn ò ní gba gel tí kò ní marker lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí àwa ń gba genotype bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Àwọn tó ń gbèrò ìgbéyàwó, àwọn tó ń bímọ lọ́wọ́ àti àwọn tí ọmọ wọn ti ń dàgbà ni mo dìídì kọ ọ́ fún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Èsì àyẹ̀wò tí wọn ò bá fi ohun tí a mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àbá lásán ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀, kí n tó bọ́ sórí ìwé genotype tí ọ̀pọ̀ nínú wa dì mọ́ ẹrù wá láti ilé.

Nínú fíríìjì lábù tí mo ti ń ṣe PhD, ìgò kékeré kan wà tí wọ́n kọ carbonic anhydrase sí lára. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n wá sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, títí gbogbo nǹkan yòókù fi kúrò tó ku ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo yìí.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì o. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ èmi àti ẹ̀yin bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Carbon dioxide tí ara kò fẹ́ mọ́ ni ó ń bá wa kó dànù. Ó máa ń pa á pọ̀ mọ́ omi kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e rìn. Tó bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró, á tún tú u sílẹ̀ ká lè mí i síta. Ẹ̀jẹ̀ kì í lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ yá. Èyí tó yára jù nínú wọn lè ṣe é tó ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Meldrum àti Roughton ló kọ nípa rẹ̀ ní Cambridge ní 1933. Ní 1940, Keilin àti Mann fi hàn ní Cambridge náà pé zinc wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ àwa nínú lábù, a kì í fi ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún. Títóbi rẹ̀ là ń lò. Kilodalton 29 ni, ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ká ní mo ní purotéènì kan tí mi ò mọ bó ṣe tóbi tó. Mo máa sè é pẹ̀lú nǹkan kan tó ń jẹ́ SDS. Ọṣẹ ni SDS yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ toothpaste, ẹ ó rí sodium lauryl sulphate níbẹ̀, òun náà ni. Ó máa ń tú purotéènì tó ká jọ, á nà án gbọọrọ, á sì bo gbogbo wọn ní irú agbára iná kan náà, kó lè jẹ́ pé títóbi nìkan ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo máa wá dà á sínú ihò kékeré lórí gel, mo máa tan iná sí i. Iná á máa fà wọ́n lọ. Ẹ rò ó bíi Rye Lane lọ́sàn-án Sátidé. Ọmọ kékeré á yọ́ gba àárín èrò kọjá, á ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kẹta. Ìyá tó gbé àpò gàrí méjì dání ṣì ń sọ “sorry, sorry” lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin. Bẹ́ẹ̀ ni purotéènì kékeré ṣe ń sáré, tí ńlá ń wọ́ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà mo máa fi aró búlúù kùn ún kí n lè rí ibi tí kálukú dúró sí. Coomassie ni wọ́n ń pe aró yẹn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Kumasi ni, ìlú àwọn Asante ní Ghana. Ilé iṣẹ́ aró kan ní Manchester ló mú orúkọ ìlú náà sọ aró aṣọ tí wọ́n ń tà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kumasi ní 1896. Ojoojúmọ́ là ń pe orúkọ yẹn ní lábù, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ìlú àwa èèyàn dúdú ni. Ìyẹn tó ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Aró ti mú. Mo rí ìlà búlúù kan láàárín gel. Kí ni mo wá mọ̀? Mi ò mọ nǹkan kan. Ó rìn dé àárín, òótọ́ ni, àmọ́ bí gel bá ki jù, gbogbo wọn á fà sẹ́yìn. Bí mo bá tan iná pẹ́ jù, gbogbo wọn á sá lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ihò kan sílẹ̀ fún marker, ìyẹn àwọn purotéènì tí a ti mọ títóbi wọn. Albumin láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, 66. Ovalbumin láti inú funfun ẹyin, 45. Carbonic anhydrase, 29. Ọ̀kan láti inú ẹ̀wà sóyà, 20. Ọ̀kan láti inú mílíìkì, 14. Màlúù, ẹyin, sóyà, mílíìkì: nǹkan téèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ rà ní Rye Lane ni àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń wọn nǹkan káàkiri ayé! Bí ìlà tèmi bá dúró sáàárín 45 àti 29, mo lè ṣírò iye tó jẹ́. Bí ìlà carbonic anhydrase fúnra rẹ̀ bá dúró síbi tí kò yẹ, mo mọ̀ pé gel yẹn ti bàjẹ́, mi ò sì ní gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́.

Ẹni tó bá ti ra gàrí ní Bódìjà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ kọ́ńgò wo? Èyí tó pé ni, àbí èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú? Àwọn ìyá wa kì í kọ́kọ́ wo gàrí. Kọ́ńgò ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ ná. Marker ni kọ́ńgò tiwa tí ìdí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Bí mo bá gbé àwòrán gel tí kò ní marker lọ bá supervisor mi, wọn ò ní wo ìlà tí mò ń nàka sí. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Marker dà?” Àwọn tó máa dán mi wò lọ́jọ́ viva ò ní gbà á. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní gbà á. Lórí purotéènì kan lásán o! Purotéènì tí kò ní sunkún lóru, tí kò ní gba ìsinmi àìsàn níléèwé, tí kò sì ní bi mí pé kí ló dé tí ara ń ro òun.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti genotype.

Àyẹ̀wò genotype tí a mọ̀ nílé, electrophoresis ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ ìyá ohun tí mo ṣàlàyé tán ni, iná ń fa purotéènì, kálukú ń dúró síbi tirẹ̀. Irú ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe ẹlẹ́jẹ̀ SS gan-an. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi haemoglobin àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde sínú iná, wọ́n rí i pé kò rìn bíi ti àwọn tí kò ní in. Ti àwọn AS sì pín sí méjì. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram ní Cambridge rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Amino acid kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú 146 tó to okùn beta haemoglobin. Ẹyọ kan yìí ló ń dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Ìyàtọ̀ yìí kò sọ haemoglobin di ńlá tàbí kékeré débi téèyàn fi lè rí i lórí gel tèmi. Agbára iná ara rẹ̀ ló yí padà, òun ló ń jẹ́ kí S máa rìn lẹ́yìn A. Nítorí náà, marker títóbi kò lè sọ genotype ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n tibí yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé A, F, S àti C wà nínú rẹ̀ ni. Ó yẹ kó wà lórí gbogbo àwo tí wọ́n bá ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ tiyín. A á ṣáájú, F á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà S, lẹ́yìn náà C. Tí wọ́n bá fi aró purotéènì kùn ún, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tún lè yọjú lẹ́yìn pátápátá. Ẹ mọ ohun tó jẹ́? Carbonic anhydrase wa yìí náà ni, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì pupa kan náà lòun àti haemoglobin jọ ń gbé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé haemoglobin burúkú kan ni.

Bí wọn ò bá wá fi òṣùwọ̀n yẹn sí i ńkọ́? Ká ní iná mú lọ kí A àti S tó pínyà. Ìlà méjì á dúró bí ìlà kan. Ẹni tó jẹ́ AS á gba ìwé AA, á dúpẹ́, á lọ fi han pásítọ̀. Tó bá jẹ́ pé òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á rí i pé A àti S tibẹ̀ náà kò tíì pínyà, á sì tún un ṣe. Ohun kékeré tó ń dáàbò bo odindi ìdílé nìyẹn.

Òṣùwọ̀n nìkan kò sì tó. Lórí àwo tí wọ́n sábà máa ń lò, C àti A2 ibì kan náà ni wọ́n ń dúró sí. S àti D náà bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n fi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò, bíi ẹ̀rọ HPLC, kí wọ́n tó mọ èwo lèwo. Bẹ́ẹ̀ C kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó jẹ́ AC tó fẹ́ AS lè bí SC. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á wà nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọmọ tuntun, F ló ṣì kún ara rẹ̀. Ká má tíì sọ ti ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lẹ orúkọ ẹlòmíràn mọ́.

Mo mọ tọkọtaya kan níbí, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa wọn. Ìyàwó mọ̀ pé AS lòun. Ọkọ mú ìwé AA wá láti lábù kan nílé. Nígbà tí oyún dé, nọ́ọ̀sì ní kí ọkọ náà wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí ló fà á, ìwé òun rèé. Wọ́n ní kó ṣáà wá. Èsì dé: AS. Ọmọ náà padà jẹ́ AS, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹ bá mi ro gbogbo òru tí wọ́n fi dúró de èsì yẹn. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá jọ ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ta irú ayò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yan aṣọ ẹbí. Òdìkejì rẹ̀ náà lè ṣẹlẹ̀. Àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn lè pínyà nítorí ìwé kan tó purọ́ pé AS ni ẹni tó jẹ́ AA.

Kò sì sí bí ojú ṣe lè ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. AS àti AA jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Burgess Park ni. Ní 2006, àjọ WHO kọ ọ́ pé nǹkan bíi 24% àwọn ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àti pé ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí níbẹ̀ lọ́dọọdún tó 150,000. Ẹ bi ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ láti Peckham lọ sí King's ní Denmark Hill láàárín òru nítorí ìrora. Yóò sọ ohun tí 150,000 túmọ̀ sí fún yín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní mo ti dé London, mo wá ń bú lábù ilé. Rárá o. Àwọn onímọ̀ lábù nílé mọ ohun tí mò ń sọ yìí, apá kan ẹ̀kọ́ wọn ni. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é bó ṣe yẹ, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi owó ara wọn ra epo sí. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ òṣùwọ̀n, owó ni. Àyẹ̀wò kejì, owó ni. Àwa oníbàárà wá dé, ìbéèrè wa ò ju “Èló ni?” àti “Ìgbà wo ló máa jáde?” lọ. Ẹni tó bá sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sì dínwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ. Àwa fúnra wa là ń bá wọn lu ìdí kọ́ńgò.

Àwọn mìíràn á ní ìgbàgbọ́ ń kọ́? Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a gbé síwájú Ọlọ́run gan-an. Ẹni tó mọ̀ pé AS lòun, tó sì fẹ́ AS, ó ti yàn, mi ò lè dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ìwé tàn jẹ, kò yan nǹkan kan.

Àwọn kan á tún ní, “A ti wà ní UK, wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún wa.” Ta ló mọ̀ ọ́n? NHS máa ń fi àyẹ̀wò yìí lọ aláboyún, bó bá sì jẹ́ AS, wọ́n á pe bàbá ọmọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní England, wọ́n máa ń gún un ní gìgísẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, àrùn yìí wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ó dára. Àmọ́ àgbàlagbà tó wọlé pẹ̀lú físà kò sí nínú ìyẹn. Ọmọ tó bá yín wá láti ilé lẹ́yìn tó ti pé ọdún kan, kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, tí a kàn ń sọ pé “àfi bí ẹni pé AA ni”.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ sọ fún GP yín pé ẹ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò sickle cell. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ilé yín kò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ má dúró di ìgbà tí oyún bá dé. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ ibí, ẹ wo ìwé pupa rẹ̀, kẹ́ ẹ wá èsì ẹsẹ̀ tí wọ́n gún. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè. Wọ́n lè ti kọ lẹ́tà sí yín pé ọmọ náà jẹ́ AS, kí lẹ́tà náà sì ti bá ìwé council tax lọ sínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ yẹn máa dàgbà, ó máa mú ẹnìkan wálé lọ́jọ́ kan, ó yẹ kó ti mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ bi lábù kẹ́ ẹ tó na apá. Ọ̀nà wo lẹ máa gbà ṣe é? Ṣé ẹ máa fi ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ tèmi? Bí ó bá rú yín lójú, ọ̀nà kejì wo lẹ máa fi wò ó? Onímọ̀ lábù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn tayọ̀tayọ̀, nítorí ìbéèrè ẹni tó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe ní ibòmíràn tí kò mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ sọ. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ẹ lọ ṣe HPLC. Owó rẹ̀ ju ti àwo lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè tó owó tí a fi ń ra aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà tó ń béèrè ìwé genotype kí ẹ tó so yìgì, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ṣé ibì méjì ni wọ́n ti ṣe é?

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ìbéèrè bá wà lẹ́nu rẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, tàbí kó kọ ọ́ sí inbox mi bí kò bá fẹ́ kí ayé rí i. Ohun tí mo bá mọ̀ ni mo máa sọ, èyí tó bá ju agbára mi lọ, mo máa ní kẹ́ ẹ lọ bá dókítà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ti ń dá ọjọ́ ìdána. Kó ṣàyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí káàdì ìpè tó jáde.